Ọmọ Tó Mọ Ọwọ́ Wẹ̀ Ní Ilé Ramen

Ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí ló ń bá ọmọ fa ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé. Ẹ gbé àmàlà sílẹ̀, ọmọ ní òun ò jẹ. Ẹ ní kó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí ló dé táwọn ọ̀rẹ́ òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ kan náà pé ẹ fẹ́ lọ jẹ ramen, kíá ló ti wọ bàtà! Ó ti rí ramen nínú eré àwòrán àwọn ará Jàpáànì, ó sì fẹ́ jẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ gan-an. Ẹ má bá a jà. Ẹ tẹ̀lé e lọ, torí ẹ̀kọ́ ilé pọ̀ nínú abọ́ yẹn.

Oúnjẹ àlejò ni tẹ́lẹ̀

Núdùlù àlìkámà nínú omi ẹran gbígbóná ni ramen, pẹ̀lú ẹran, ẹyin, àlùbọ́sà eléwé àti ewé inú òkun lórí rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà tó ń gbé ní àwọn ìlú etíkun bíi Yokohama ló gbé irú núdùlù yìí dé Jàpáànì. Ní 1910, ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Rairaiken ṣí ní Asakusa, ní Tokyo. Ará Jàpáànì ló ni ín, àmọ́ ará Ṣáínà làwọn tó ń se oúnjẹ níbẹ̀. Lónìí, ta ló máa gbọ́ ramen tí kò ní ronú kan Jàpáànì?

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Ní 1958, Momofuku Ando, ẹni tí wọ́n bí ní Taiwan, ṣe núdùlù tó jẹ́ pé omi gbígbóná nìkan ló ń fẹ́ láti jinná. Inú ọgbọ́n yẹn ni Indomie ti jáde ní Indonesia. Indomie dé Nàìjíríà ní 1988, nígbà tó sì yá, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ yín kí abọ́ tó dé. Ọmọ tó ń tijú láti gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ sílé ìwé, kó mọ̀ pé oúnjẹ àlejò ni ramen náà nígbà kan rí.

Bí a ṣe ń rà á

Ní Jàpáànì, ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé ramen. Ẹ kọ́kọ́ fi owó sínú rẹ̀, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ohun tí ẹ fẹ́. Tí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ máa mú, bọ́tìnì òkè pátápátá lápá òsì ló sábà máa ń jẹ́ oúnjẹ tí ilé náà fi ń yangàn. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jókòó, ẹ fi lé iwájú ẹni tó ń se oúnjẹ. Ẹ má gbàgbé owó bébà 1,000 yen lápò o, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò gba owó ńlá, wọn ò sì gba káàdì. Ilé tó kéré gan-an ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì máa ń retí pé kí àgbà kọ̀ọ̀kan ra abọ́ tirẹ̀. Ẹ lè tọrọ abọ́ kékeré fún ọmọ tó ṣì kéré.

Ní London tàbí New York, ìwé oúnjẹ ni wọ́n sábà máa ń fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní São Paulo, ẹ lọ sí àdúgbò Liberdade, níbi tí àwọn ọmọ Jàpáànì ti fìdí múlẹ̀ látìgbà pípẹ́. *Lámen* ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀.

Orúkọ mẹ́rin tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí:

*Shio*: iyọ̀ ló ń fún omi rẹ̀ ládùn, ó sì fúyẹ́.

*Shoyu*: omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe ló wà nínú rẹ̀. Irú èyí ni Tokyo mọ̀ jù.

*Miso*: Sapporo ló sọ ọ́ di olókìkí. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè, tí wọ́n sì fi pamọ́ títí tó fi kan, ni miso. Ẹni tó bá mọ irú, tó mọ̀ pé òórùn rẹ̀ ni adùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí i.

*Tonkotsu*: egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sè fún wákàtí púpọ̀ títí omi rẹ̀ á fi funfun bíi wàrà. Àgbègbè Fukuoka ló ti wá. Níbẹ̀, tí núdùlù bá tán tí omi ṣì kù, ẹ ní "kaedama", wọ́n á bù kún un fún owó díẹ̀.

Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó jẹ

Ẹ̀yin ìdílé Mùsùlùmí àti ẹ̀yin tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Yíyọ ẹran kúrò lórí abọ́ kò tó. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú omi shoyu tàbí miso pàápàá, ọ̀rá rẹ̀ lè wà níbẹ̀, ọtí sì lè wà nínú èròjà. "Buta" ni wọ́n ń pe ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ béèrè nípa omi rẹ̀, ẹ má béèrè nípa ẹran nìkan. Àwọn ilé ramen hàláàlì wà ní Tokyo tó jẹ́ pé adìyẹ ni wọ́n ń lò. Bí ara ọmọ yín kò bá gba àlìkámà, ẹyin, sóyà tàbí yànmọtí, ẹ tètè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń béèrè, kí ẹ má sì máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ tó rí i pé òbí òun kò tijú ohun tí wọn kì í jẹ, òun náà kò ní tijú nílé ìwé. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ìwà orí oúnjẹ

Tí ẹ bá wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ á kígbe pé "Irasshaimase!", ìyẹn ni pé ẹ káàbọ̀. Ẹ kàn mi orí díẹ̀, ó ti tó. Kí wọ́n tó jẹun, wọ́n máa ń sọ pé "Itadakimasu", bí ẹni ń sọ pé mo fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á. Tí wọ́n bá jẹ tán, wọ́n á ní "Gochisosama deshita" láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó se é. Ọmọ yín á sọ méjèèjì tayọ̀tayọ̀. Ẹ wá bi í pé: kí ló yàtọ̀ sí "Ẹ ṣé mà, mo ti yó"?

Fífa núdùlù pẹ̀lú ariwo kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Atẹ́gùn tó ń bá a wọlé ń mú kó tutù díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí òórùn dídùn rẹ̀ dé imú. Nílé tiwa, ìyá àgbà á ní, "Jẹun jẹ́jẹ́!" Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀.

Èèwọ̀ wà nídìí igi ìjẹun wọn pẹ̀lú. A kì í gún un dúró sínú ìrẹsì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe oúnjẹ fún òkú. A kì í fi igi gba oúnjẹ lẹ́nu igi ẹlòmíì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣa egungun òkú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun ún. Ọmọ tó gbọ́ ìdí èèwọ̀ yìí kò ní pè é ní àṣà àtijọ́ lásán. Kó sì gbọ́ ìdí tiwa náà.

Ẹ má pẹ́ lórí ìjókòó, torí núdùlù á wú, àwọn èèyàn sì wà lórí ìlà. Ní Jàpáànì, ẹ má fi owó ẹ̀bùn sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Wọ́n lè sáré tẹ̀lé yín láti dá a padà.

Nígbà tí ẹ bá ń padà sílé

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ: kí ni wọn kì í ṣe níbẹ̀, kí sì nìdí? Kí làwa náà kì í ṣe? Kí nìdí tá a fi ń sọ pé "Ẹ wá jẹun" fún ẹni tó bá wa lórí oúnjẹ, tí òun náà á sì dáhùn pé "Á gba ibi ire"? Kí nìdí tá a fi ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Tí ẹ̀yin náà kò bá mọ ìdáhùn kan, ẹ pe màmá tàbí bàbá àgbà lórí fóònù, kí ọmọ fúnra rẹ̀ bi wọ́n.

Àwọn àgbà ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọmọ tó lè pa òfin ilé onílé mọ́ nítorí ramen, ó lè pa ti ilé bàbá rẹ̀ mọ́ nítorí àmàlà. Kò ju ká sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ jẹun ire o.