ABS inú ọkọ̀ eré: ṣé kí a yọ ọ́ dànù ni?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé rárá, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Omagba, ní ìlú Onitsha, ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di àríyànjiyàn tó gba odindi ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan.

Ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹgbẹ́ ló ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Ẹ̀gbọ́n wa mú kí ọkọ̀ náà sún mọ́lẹ̀, wọ́n pààrọ̀ rímù rẹ̀ sí ńlá, wọ́n sì tún sàlẹ́ńsà rẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó rí i. Kò pẹ́ sígbà náà ni iná tí wọ́n kọ ABS sí tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí kò sì kú mọ́. Mẹkáníìkì wò ó, ó mi orí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n yọ nǹkan yìí dànù. Àwọn òyìnbó ló nílò rẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́, bíréèkì yín á tilẹ̀ tún mú ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ṣé kí ẹ̀gbọ́n wa gbà? Bí ẹ bá ń sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀, ọkọ̀ yìí kan náà ni àwọn mẹ́ta nínú wa máa ń bá lọ sí Ìbàdàn nígbà ìsinmi: láti Onitsha, kọjá lórí afárá odò Ọya sí Asaba, dé Benin, dé Ọ̀rẹ̀, títí a ó fi délé. Ẹ̀mí wa wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa.

KÍ NI ABS?

Àìmọ̀kan ni í mú èkúté-ilé pe ológbò níjà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí táyà bá ń yí, ó di ilẹ̀ mú, ó sì ń gbọ́ ti sítíárìn. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì pa lójijì, pàápàá lórí ọ̀dà tí òjò ti rọ̀ sí, táyà lè dúró gbagidi nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ. Yíyọ̀ ló ń yọ̀ nígbà náà, kò yí mọ́. Ẹ yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, ọ̀ọ́kán gan-an ni ọkọ̀ yóò máa lọ.

Ohun tí wọ́n ṣe ABS láti dènà nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó ń ka bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń yára yí sí. Wáyà ń gbé ìròyìn yìí lọ bá kọ̀ǹpútà kékeré kan. Bí kọ̀ǹpútà bá rí i pé ẹsẹ̀ kan fẹ́ dúró ṣáájú ọkọ̀, á pàṣẹ fún àpótí irin kan tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà kọjá pé kó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ fún ẹsẹ̀ náà, kó tún fún un, kó tún dẹ̀ ẹ́, bí ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ wo onígángan. Kì í fún ọsán ìlù mọ́ abíyá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fífún àti dídẹ̀ ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ABS ń ṣe, ìdí sì nìyẹn tí bíréèkì fi máa ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ bí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Nǹkan yìí kì í ṣe ọmọ àná. Dunlop ti ṣe irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Maxaret fún ẹsẹ̀ bàálù, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ Jensen FF nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966. Ní 1978, Bosch àti Mercedes-Benz ní Jámánì gbé èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jáde nínú ọkọ̀ S-Class. Láti 2004 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Yúróòpù ti ń fi í sínú gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun wọn.

ÀWÍJÀRE ÀWỌN TÓ NÍ KÍ A YỌ Ọ́

Ní ìpàdé wa, àwọn kan gbè sẹ́yìn mẹkáníìkì. A kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Èkíní, wọ́n ní Formula One fòfin de ABS láti 1994. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò lé e nítorí pé kò dára. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ pé ọgbọ́n awakọ̀ ni yóò máa gba ipò kìíní, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀rọ. Títí di òní, àwọn ọkọ̀ ìdíje GT3 ń lo ABS.

Èkejì, wọ́n ní Ferrari F40 àti McLaren F1 kò ní ABS. Òótọ́ tún ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọkọ̀ wọ̀nyẹn ṣètò bíréèkì wọn láìsí ABS láti ìpìlẹ̀. Wọn kò yọ ọ́ lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ̀kẹta ló lágbára jù. Wọ́n ní lórí yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ABS lè mú kí ọkọ̀ pẹ́ kó tó dúró, nítorí pé táyà tó ti dúró máa ń wa yanrìn jọ síwájú ara rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Omagba, tó mọ yanrìn tí àgbàrá ń kó sójú títì níbẹ̀, kò lè fọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lórí yanrìn kan náà, táyà tó ti dúró kò ṣeé darí. Bí ihò tàbí ènìyàn bá wà níwájú, ṣé dídúró nìkan la fẹ́ ni, àbí a tún fẹ́ lè yà?

OHUN TÍ MẸKÁNÍÌKÌ KÒ SỌ

Bí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ máa ń ṣí síwájú, ẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Nítorí náà, bíréèkì ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ le tó ti iwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, fáàfù kan ló ń dín agbára ti ẹ̀yìn kù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn, àpótí ABS ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, fáàfù náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá yọ irú àpótí bẹ́ẹ̀, tó so páìpù pọ̀ tààrà, agbára kíkún ni yóò máa lọ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè kọ́kọ́ dúró, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ wá síwájú, ọkọ̀ á sì pòyì bí òkòtó. Àwọn tó mọ iṣẹ́, tí wọ́n ń yọ ọ́ fún ìdíje, máa ń fi fáàfù tí wọ́n lè fọwọ́ yí dípò rẹ̀, wọ́n á sì dán an wò ní pápá tó ṣófo. Títì Omagba kì í ṣe pápá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọlọ́jà àti ọmọ iléèwé ló ń na ibẹ̀.

Ojú wa ni èyí tó kù ṣe. Iná ABS tó bá tàn tí kò kú túmọ̀ sí pé ABS ti sùn, bíréèkì lásán ló kù. Ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń ro ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lọ́wọ́ nígbà tí àwa méjì bá wọn jáde lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò. Ọmọdékùnrin kan já sójú títì. Ẹ̀gbọ́n wa tẹ bíréèkì pa, wọ́n yí sítíárìn, ọkọ̀ kò yà. Ó ń yọ̀ lọ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ọlọ́run ló yọ wá, ọmọ náà sáré kọjá, ọkọ̀ sì dúró létí gọ́tà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa títí a fi délé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n wa gbé ọkọ̀ lọ bá oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò. Ẹ̀rọ náà tọ́ka sí ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì. Wọ́n tú u, wọ́n sì rí i pé táyà ńlá tí ẹ̀gbọ́n wa fi sí i ló ń ha wáyà sẹ́ńsọ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá yà, títí wáyà fi já. Ohun tí gbogbo wa tìtorí rẹ̀ jà kò ju wáyà tín-ín-rín kan lọ! Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n dá táyà padà sí ìwọ̀n tó yẹ ọkọ̀ náà, iná sì kú.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Bí ẹ bá ṣíná ọkọ̀, iná ABS yẹ kó tàn, kó sì kú láìpẹ́. Bí kò bá kú, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ́ìlì bíréèkì, wáyà, sẹ́ńsọ̀ àti bíárìn ẹsẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ yíyọ. Bó bá jẹ́ àpótí gan-an ló kú, ẹ wá irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Mgbuka Òbósì, ní Nnewi, tàbí ní Ládípọ̀ bí ẹ bá délé, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti yín mu. Bí owó kò bá tí ì sí, tí àpótí náà kò sì jò, ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà, kí ẹ máa rọra wakọ̀. Bí ABS bá sì ń ṣiṣẹ́, tí bíréèkì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò: ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ sì darí ọkọ̀ gba ibi tó ṣófo.

Yorùbá ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kò bẹ́ orí ọkọ̀ náà, a sì ti bá wọn dé Ìbàdàn, a ti bá wọn padà. Kí Olódùmarè máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo wa. Àṣẹ.