Ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ agunkẹ̀kẹ́ etíkun fi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá

Lọ́dún 2024, Biniam Girmay, ọmọ orílẹ̀-èdè Eritrea, di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó borí ní ìpele kan nínú ìdíje Tour de France. Ìpele mẹ́ta ló ti borí lọ́dún náà, ó sì tún gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda gbàlejò ìdíje àgbáyé fún eré kẹ̀kẹ́ ojú títì, èyí tí kò wáyé rí ní Áfíríkà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fẹ́ tẹ̀lé irú ipasẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó lè díje, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín ẹgbẹ́. Létíkun, afẹ́fẹ́ ló ń darí ẹ̀kọ́ náà.

Kí ni ẹni tó wà lẹ́yìn ń jẹ lára ẹni iwájú?

Ilẹ̀ etíkun tẹ́jú, kò ní òkè. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí eré bá ti ju kìlómítà 25 lọ ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú agbára agunkẹ̀kẹ́ ń bá wọ̀jà. Ẹni tó bá sún mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn yóò bọ́ sí abẹ́ ààbò, ó sì lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ pamọ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba iwájú lọ́wọ́ ara wọn. Ẹnì kan yóò ṣíwájú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì padà sẹ́yìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá lágbára jù lè pẹ́ níwájú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sáré jù. Bó bá sáré, ọmọ tó wà ní ìparí ìlà yóò já sílẹ̀, yóò sì dá wà láàárín ọkọ̀ ńlá.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń jáde ní ìdájí?

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, tó gba etí òkun láti Kútọnu lọ sí Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, nǹkan bíi kìlómítà 40. Fún ìgbà tó pọ̀ jù nínú ọdún, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bí oòrùn bá ti ń mú, ilẹ̀ ń yára gbóná ju omi lọ, atẹ́gùn tútù láti ojú òkun á sì máa rọ́ wọlé.

Ẹni tó bá jáde ní ìdájí yóò kojú afẹ́fẹ́ nígbà tí kò tíì le, tí ara rẹ̀ sì ṣì yá. Nígbà àbọ̀, afẹ́fẹ́ náà ni yóò máa tì í wálé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá afẹ́fẹ́ lọ lè rò pé agbára òun ni, títí yóò fi jìnnà kọjá ibi tó ti lè padà.

Ibo ni ewu wà?

Nígbà àlọ, òkun wà lápá òsì. Afẹ́fẹ́ ń ti iwájú apá òsì wá, ààbò sì wà lẹ́yìn lápá ọ̀tún, níhà etí títì. Nígbà àbọ̀, òkun ti bọ́ sápá ọ̀tún, ààbò sì ti di apá òsì. Ọmọ tó ń wá ààbò lè rọra yà sí àárín títì láìfura, níbi tí ọkọ̀ ti ń kọjá.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń borí nínú ìdíje tí wọ́n ti dí ojú ọ̀nà fún ọkọ̀ lè di ikú lójú ọ̀nà gbogboogbò. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ìjàm̀bá ojú pópó ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ lágbàáyé.

Kí ni olùkọ́ni gbọ́dọ̀ ṣe?

Kí ìlà tọ́ gbọọrọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá apá òsì ẹni tó wà níwájú rẹ̀, kódà bí afẹ́fẹ́ bá ń lù ú. Kí àgbàlagbà kan wà níwájú, kí òmíràn wà lẹ́yìn. Kí gbogbo wọn dé akoto, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ àti ohùn kìlọ̀ nípa kòtò àti iyanrìn tí afẹ́fẹ́ gbá sójú títì. Bí wọ́n bá délé, kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ ṣan kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì fi òróró sí ṣéènì, nítorí iyọ̀ òkun ń mú irin dípẹtà.

Kí olùkọ́ni tó wo aago láti mọ ẹni tó yára jù, kí ó kọ́kọ́ ka orí àwọn ọmọ náà. Iye tó jáde ní ìdájí ni iye tó gbọ́dọ̀ wọlé.