Bí kọ̀ǹpútà ṣe tú àṣírí ibà Lassa ní Ẹdẹ, àti ohun tó fi kan oníṣòwò gàrí ní Ìwó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ibà Lassa bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn nílẹ̀ Nàìjíríà ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ìpínlẹ̀ Ẹdó, Òǹdó àti Ebonyi ló ti le jù. Kí ọdún náà tó parí, èèyàn 633 ni àyẹ̀wò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní àrùn náà, 171 nínú wọn ló sì kú. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í yọ ọjà sílẹ̀. Eku ló ń gbé àrùn yìí kiri, ibi tí oúnjẹ bá sì wà leku ń lọ, yálà ilé ni o, tàbí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀pà ní ọjà Odò-Ọrì nílùú Ìwó.

Ìbéèrè kan ló ká àjọ NCDC, tó ń rí sí ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn, lára nígbà náà. Ṣé àrùn ọ̀hún ti yí padà, tó fi jẹ́ pé èèyàn ló ń kó o ran èèyàn báyìí, àbí eku náà ló ṣì wà nídìí ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà nìkan. Tó bá jẹ́ èèyàn ni, a jẹ́ pé ọjà, gárééjì àti ibi ayẹyẹ ni ìjọba máa kọ́kọ́ dojú kọ, ẹni tó ń fi òwò kékeré jẹun ló sì máa kọ́kọ́ fara gbá a. Tó bá jẹ́ eku ni, ibi tí oúnjẹ wà ló yẹ kí gbogbo agbára lọ.

Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí Ìwó rárá, ni ìdáhùn náà ti jáde. Yunifásítì Redeemer's tó wà níbẹ̀ ní ibùdó ìwádìí kan tí ayé mọ̀ sí ACEGID, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ló ń darí rẹ̀, owó ìrànwọ́ Báńkì Àgbáyé sì wà nínú ohun tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Wọn kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Irrua, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn náà, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ikọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Pardis Sabeti láti Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà.

Oníṣòwò tó bá ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ rí á tètè lóye ohun tí wọ́n ṣe. Ká ní ọ̀gá kan gé bátánì aṣọ sórí páálí, ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi ti ọ̀gá gé tirẹ̀, ọmọṣẹ́ mìíràn tún fi ti ọmọṣẹ́ yẹn gé tirẹ̀. Bó ti wù kí ọwọ́ wọn mọ́ tó, sísọ́ọ̀sì á ṣèèṣì yà díẹ̀ níbì kan. Ẹni tó bá gé tirẹ̀ lára èyí tó ti yà á gbé àṣìṣe náà bó ṣe wà. Tí wọ́n bá kó gbogbo páálí náà sórí tábìlì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹni tó lójú á wò ó, á sì sọ ẹni tó gé tirẹ̀ lára ti ta ni.

Bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń bí sí i náà nìyẹn. Ti Lassa ní lẹ́tà tó lé ní 10,000, ó sì máa ń ṣi díẹ̀ kọ bó ṣe ń da ara rẹ̀ kọ. Ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà wọ̀nyí kì í kà á já lẹ́ẹ̀kan náà. Ègé kéékèèké, tó pọ̀ lọ súà, ló máa ń gbé jáde, ti fáírọ́ọ̀sì àti ti aláìsàn fúnra rẹ̀ á sì dàpọ̀ mọ́ra. Kọ̀ǹpútà alágbára ló ń ṣa ti aláìsàn kúrò, tó ń to ìyókù pọ̀ bí ẹni ń to ìwé tí ọmọdé fà ya, tó wá ń fi ti aláìsàn kan wé ti gbogbo àwọn tó kù. Iṣẹ́ tí ọwọ́ èèyàn kò lè ṣe tán láyé ni.

Ẹdẹ ni wọ́n ti ka mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ lára ti ọdún 2018, wọ́n sì ń fi èsì ránṣẹ́ sí NCDC bó ṣe ń jáde. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, fáírọ́ọ̀sì 220 ni wọ́n ti fi wéra, 129 nínú wọn jẹ́ ti sáà 2017 sí 2018. Ká ní èèyàn ló ń kó o ran èèyàn ni, bátánì wọn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí kọ́ nìyẹn. Wọ́n yàtọ̀ síra gidi, ti agbègbè kan jọra wọn, àwọn odò ńlá sì dà bí ààlà láàárín wọn, nítorí eku kì í sáà wọkọ̀ ojú omi. Eku àdúgbò kálukú ló ń kó o ràn wọ́n. Èyí kò ní kí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara aláìsàn má lè ran ẹlòmíràn o, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti bá irú ẹ̀ lọ. Àmọ́ òun kọ́ ló fa ti ọdún yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2020, ibùdó yìí kan náà ló ka fáírọ́ọ̀sì Kòrónà tí wọ́n rí lára ẹni àkọ́kọ́ tó kó o wọ Nàìjíríà, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kà nílẹ̀ Áfíríkà.

Gàrí ni kí oníṣòwò Ìwó fọkàn sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iná ń pa fáírọ́ọ̀sì Lassa, nítorí náà gàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada kò ní wàhálà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yan án tán ni ewu wà, nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù, tàbí tó sun ṣọ́ọ̀bù nínú àpò. Tí eku bá tọ̀ sí i, kò ní hàn lójú, kò sì sí iná tó tún máa kàn án tí oníbàárà bá fi omi tútù mu ún. Èlùbọ́ sàn díẹ̀, torí omi gbígbóná ni wọ́n ń rò ó sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé tí eku bá jẹ àpò, ibi tó jẹ nìkan ni wọ́n ń bù dànù, wọ́n á ta ìyókù. Owó àpò kan kì í ṣe kékeré lóòótọ́, àmọ́ dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí tó dé dáadáa kì í wọ́n tó àpò mélòó kan tó bá bàjẹ́. Àpò lásán kò lè dá eku dúró. Kí wọ́n gbé ọjà sórí pákó, kó má fara kan ògiri, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dí ihò. NCDC tún máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n yé sá oúnjẹ sétí títì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ni Lassa máa ń gbilẹ̀ jù, ìgbà yẹn gan-an sì ni oòrùn máa ń dára fún ẹni tó fẹ́ sá nǹkan.