Agbòdò, Omi Ọ̀sà Èkó àti Iléeṣẹ́ Tó Ń Ṣọ́ Wọn

Agbòdò, ẹja fàdákà tí ìrù rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí àmì dúdú kan sì wà lẹ́yìn orí rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń yan kí ó tó dé orí àtẹ ní Erékùṣù Èkó, jẹ́ ìbátan ṣáwá àti hẹ́rìn, ẹja tí àwọn ará Yúróòpù ń pa nínú Òkun Baltic. Omi odò pọ̀ nínú òkun yẹn débi pé, ní apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti òkun ńlá lọ, hẹ́rìn ibẹ̀ sì kéré ju ti Àtìláńtíìkì lọ.

Ti Èkó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iyọ̀ omi ọ̀sà kì í dúró sójú kan. Lítà omi òkun kan máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ẹnu èbúté wọlé, omi ọ̀sà a sì gba iyọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, tí odò Ògùn àti Májídùn kún, iyọ̀ náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní ọ̀pọ̀ ibi. Agbòdò ń fara da méjèèjì, ó sì ń sẹ́ àwọn ewéko tíntìntín inú omi jẹ bí ẹni fi asẹ́ sẹ́ ògì. Inú ọ̀sà yìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, ibẹ̀ náà sì ni àwọ̀n olójú kékeré ti ń kó wọn kí wọ́n tó yé ẹyin kankan.

Ní ti àwọn tó ń ṣọ́ ẹja yìí, Oníkàn, tí kò jìnnà sí ọjà Sandgrouse, ni ẹ̀ka ìpẹja ti ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1941 sí 1942, lábẹ́ iléeṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọdún 1972 ni àwọn olùwádìí Fagade àti Olaniyan tẹ ìwádìí wọn lórí agbòdò ọ̀sà Èkó jáde; nígbà tó sì di 1975, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ ìwádìí òkun, NIOMR, sílẹ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Victoria Island. Fún irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ iye ẹja tó ń gòkè kò wúlò tó bí a kò bá kọ iyọ̀ omi mọ́ ọn, nítorí òjò lè lé agbòdò kúrò níbi kan láìjẹ́ pé ó ti tán. Owó fún kíka ẹja àti wíwọn iyọ̀ ni ó yẹ kí ìjọba máa pèsè lọ́dọọdún.