Táńkì Méjì Lára Alùpùpù Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ pé táńkì kan ṣoṣo ló wà lára alùpùpù, èyí tí à ń rọ bẹntiróòlù sí. Ṣùgbọ́n lára alùpùpù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe láàárín ọdún 1950 sí 1970, irú Triumph ti Meriden àti BSA ti Birmingham, méjì ni táńkì: ọ̀kan fún bẹntiróòlù, èkejì, tó wà lábẹ́ ìjókòó, fún ọ́ìlì. Mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn méjèèjì, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kò sí pọ́ǹpù kankan tó ń fa bẹntiróòlù. Táńkì rẹ̀ ga ju kábúrétọ̀ lọ, epo a sì máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí epo ti ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé bí a bá lu ihò kan ṣoṣo sí agolo mílíìkì, mílíìkì kì í jáde dáadáa, àfi bí a bá lu ìkejì? Ihò kékeré tó wà lára ìdérí táńkì ni ihò kejì yẹn. Bí ìdọ̀tí bá dí i, alùpùpù á rìn díẹ̀, á sì kú. Bí a bá dúró, tí afẹ́fẹ́ rá wọlé, á tún ṣiṣẹ́. Mo ti rí mẹkáníìkì tó tú kábúrétọ̀ palẹ̀ nítorí ọ̀ràn yìí, nígbà tó jẹ́ pé ìdérí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣí wò.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà méjì ni epo lè gbà jáde nínú táńkì náà: ẹnu ọ̀kan ga, ti èkejì wà nísàlẹ̀. Bí epo bá lọ sílẹ̀ ju èyí tó ga lọ, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. A ó wá ṣí ti ìsàlẹ̀, kí a lè fi ìyókù dé ilé epo. Ẹni tó bá ṣí ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ nígbà gbogbo ti sọ ìkìlọ̀ nù.

Ní ti ọ́ìlì, ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀. Apá méjì ni pọ́ǹpù rẹ̀ ní: ọ̀kan ń ti ọ́ìlì lọ sínú ẹ́ńjìnnì, èkejì ń fà á padà sí táńkì. Èyí tó ń fà á padà lágbára jù, kí ọ́ìlì má baà kún ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, ẹ ṣí táńkì ọ́ìlì, kí ẹ wo bóyá ó ń tú padà wọlé. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tètè pa ẹ́ńjìnnì.

Bí alùpùpù bá sì ti dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ́ìlì lè rọra jò lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí táńkì dà bí èyí tó ti gbẹ. Ẹ má ṣe sáré bu òmíràn kún un. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí èyí tó jò padà sílé, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ti àwọn alùpùpù tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù yàtọ̀. Láyé àtijọ́, inú táńkì kan náà ni a ti ń po méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 1964, Yamaha gbé irú èyí tí ọ́ìlì ní táńkì àti pọ́ǹpù tirẹ̀ jáde. Ọ́ìlì yìí kì í padà. Èéfín ló ń bá lọ. Bí ó bá tán lójú ọ̀nà, písítìnnì á gan, táyà ẹ̀yìn lè dúró gbọn-in lójijì, kí ó sì gbé ènìyàn ṣubú. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbéra.