Àbàwọ́n Yíǹkì Tí Wọ́n Fi Ń Yẹ Ìrònú Wò

Ẹ̀yin òbí wa, nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ẹni bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, tí a bi í ní ọ̀rọ̀ oko tí ó fi ti odò dáhùn, àwọn kan a ní èpè ni, àwọn kan a ní igbó ni ó ń mu. Bí ìdílé bá gbé e kúrò ní Bago tàbí Kambolé lọ sí Sokodé, tàbí tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Zébé, ní Aného létí òkun, dókítà yóò fẹ́ mọ̀ bí ìrònú ọmọ náà bá ṣì so mọ́ra. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń wá ìdáhùn ìbéèrè yìí káàkiri ayé dàbí eré ọmọdé lójú: páálí 10 tí àbàwọ́n yíǹkì wà lára wọn, òmíràn dúdú, òmíràn aláràbarà.

Dókítà Hermann Rorschach, ará Switzerland, ni ó ṣe wọ́n. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1921, lẹ́yìn tí ó ti fi àbàwọ́n han ènìyàn 405, tí 117 nínú wọn kì í ṣe aláìsàn. Ní oṣù kẹrin 1922 ni ó kú, ọmọ ọdún 37 péré. (Láti ilé-ìwé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Àbàwọ́n!)

Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀. Kò mọ ọ̀la, kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá yóò fi páálí lé aláìsàn lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì bi í pé, “Kí ni èyí lè jẹ́?” Gbogbo ohun tí ó bá sọ ni yóò kọ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọn yóò tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀: níbo lo ti rí i, kí ló mú un jọ bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí ó rí kìnnìún kò ya wèrè ju ẹni tí ó rí labalábá lọ. Ọ̀nà tí ó gbà rí i ni wọ́n ń wò. Ẹnìkan lè rí àkèré níbì kan, kí ó tún rí ewé níbẹ̀ gan-an. Ẹni tí ara rẹ̀ le yóò ní, “Ó lè jẹ́ àkèré, ó sì lè jẹ́ ewé.” Ẹni tí ìrònú rẹ̀ ti dàrú lè pa méjèèjì pọ̀, kí ó ní “ewé-àkèré” ni, bí ẹni pé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wà. Ìdáhùn kan ṣoṣo kò sọ ènìyàn di aláìsàn o. Ibà líle nìkan tó láti da ọ̀rọ̀ rú lẹ́nu ènìyàn, ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí àwọn páálí wọ̀nyí. Ní 1999, Howard Garb ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n pa wọ́n tì ní ilé ìwòsàn àti ní kóòtù títí wọn yóò fi mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú ohun tí wọ́n ń fi wọ́n sọ. Ní 2013, Joni Mihura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí àtẹ̀yìnwá jọ: àwọn òṣùwọ̀n kan nínú rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó kan ìrònú tí ó dàrú dúró dáadáa. Ní 2015 àwọn alátakò náà gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tìtorí páálí wí fún yín pé ọmọ yín yóò di olè, ẹ má dá a lóhùn.

Ohun tí ó kàn wá jù ni èdè. Àlejò lójú, kò fi ríran. Bí ọmọ Yorùbá bá ní egúngún ni òun rí, ẹni tí kò mọ egúngún lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ wèrè. Bí a bá sì fi dandan mú ẹni tí kò gbọ́ Faransé dáadáa láti fi Faransé dáhùn, ìkólòlò rẹ̀ lè jọ ìrònú tí ó fọ́nká. Ẹ bèèrè ẹni tí ó gbọ́ èdè yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìbátan ni yóò túmọ̀, kí ó má ṣe tìtorí ìtìjú tún ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣe, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ gan-an ni dókítà ń wá. Bí ó bá ní òṣùpá ń jẹ iṣu, kí ó túmọ̀ rẹ̀ pé òṣùpá ń jẹ iṣu.