Ife gíláàsì inú ilé: bí a ṣe ń yàn án, àti ohun tí kì í jẹ́ kó tètè fọ́

Ní Àgùdà, ìyẹn àdúgbò tó wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó, kì í ṣe ìjọ Àgùdà o, ọ̀pọ̀ pálọ̀ ni ẹ ó wọ̀ tí ẹ ó bá kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí wọ́n to ife sí ní mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn ife náà ń dán yanran, ṣùgbọ́n ife rọ́bà ni tẹbí tará fi ń mumi. Ọjọ́ tí àlejò pàtàkì bá dé ni wọ́n máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, ọjọ́ náà gan-an sì ni ife kan máa ń là sí méjì bí wọ́n ṣe da tíì gbígbóná sí i. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní ọwọ́ ayé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ọwọ́ ayé rárá, bí gíláàsì ṣe rí nìyẹn.

Iyanrìn ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Wọ́n á pò ó mọ́ èròjà sódà àti irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékoro láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, wọ́n á sì yọ́ gbogbo rẹ̀ nínú iná tó gbóná tó bíi 1,500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì sí ìran Yorùbá. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ tó ń wa ilẹ̀ rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 àti àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ. Àbájáde tí Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé àwọn baba ńlá wa ló ń ṣe gíláàsì náà fúnra wọn, kí òyìnbó tó dé etí òkun wa.

Ooru kì í tètè kọjá lára gíláàsì. Bí omi gbígbóná bá dé inú ife tó tutù, inú rẹ̀ á fẹ́ fẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Fà-á-kí-n-fà-á yìí ló ń là á. Ìdí nìyí tí ife tó nípọn, tí àwọn èèyàn gbà pé ó le jù, fi máa ń tètè là ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ bí ọ̀rọ̀ bá di ti omi gbígbóná. Ẹni tó bá fẹ́ fi ife lásán mu tíì, kó kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án, kó sì fi ṣíbí onírin sínú rẹ̀ kó tó da omi sí i díẹ̀díẹ̀.

Irú gíláàsì mìíràn wà tí wọ́n fi èròjà boron sí, èyí tí Otto Schott ṣe jáde ní Jámánì nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin. Irú èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ bí ooru bá kàn án, òun ló sì dára jù fún tíì. Òun náà ni iléeṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà fi ṣe Pyrex lọ́dún 1915, àmọ́ ẹ má gbára lé orúkọ nìkan, nítorí Pyrex tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà lóde òní kò ní boron náà mọ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fi iná mú le: wọ́n á gbé e kaná títí yóò fi gbóná ju 600 lọ, wọ́n á wá fi atẹ́gùn tútù fẹ́ ẹ lójijì. Duralex ilẹ̀ Faransé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bó bá fọ́, wẹ́wẹ́ ló máa ń fọ́, kì í sábà ní ṣóńṣó gígùn tó lè gún èèyàn. Ní tèmi, èyí ni mo fara mọ́ fún ilé tí ọmọdé wà, pàápàá níbi tí táìlì bá wà nílẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ gbé ife sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi ìka pa etí rẹ̀ yí ká pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì fi èékánná ta á. Èyí tó bá ti sán á dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ẹ ṣọ́ra fún ife tí wọ́n kun ọ̀dà aláràbarà sí lára, pàápàá tí ọ̀dà náà bá dé ibi tí ètè ń kàn. Lọ́dún 2010, iléeṣẹ́ McDonald's gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ife padà ní Amẹ́ríkà nítorí èròjà cadmium tí wọ́n rí nínú ọ̀dà ara wọn. Kírísítà olówó ńlá náà ní tirẹ̀: òjé inú èyí tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́ lè tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ẹ lè fi mu ọtí kan kí ẹ sì fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ohun mímu sun inú rẹ̀ mọ́jú, ẹ má sì fi fún ọmọ.

Ní ti fífọ̀, yẹ̀pẹ̀ àti súpọ́ńjì onírin tí a fi ń ha ìkòkò kò yẹ ife. Iyanrìn le ju gíláàsì lọ, gbogbo ibi tó bá sì ha ni ife yóò ti là lọ́jọ́ iwájú. Kànìnkànìn rírọ̀ àti ọṣẹ ti tó. Ẹ tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ abọ́ tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́, ẹ má sì ki gbogbo ọwọ́ bọ inú ife tóóró, torí bó bá fọ́ síbẹ̀, ọrùn ọwọ́ ló ń gé. Omi bọhóòlù tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tó wọ́pọ̀ l'Ékòó, máa ń fi àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń bó o kúrò. Bí ife méjì bá há mọ́ra, ẹ bu omi tútù sínú ti òkè, kí ẹ ki ti ìsàlẹ̀ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bó bá wá fọ́, ẹ wọ bàtà kí ẹ tó gbálẹ̀, kí ẹ fi bébà tútù nu ibẹ̀, torí ìgbálẹ̀ kì í rí èyí tó kéré jù. Ẹ má dà á sínú ọ̀rá ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ládùúgbò ń fi ọwọ́ gbé ọ̀rá náà ni. Ìwé ìròyìn àná ni kí ẹ fi wé e nípọn, kí ẹ kó o sínú páálí, kí ẹ sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àfọ́kù gíláàsì ni.